Àwọn Alágbàtọ́ Wa Náà Ń Fẹ́ Olùtọ́sọ́nà



Nílé, ìyá àgbà ni ń wẹ ọmọ, tí ń pọ̀n ọ́n, tí ń kì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà wà ní Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwa wà ní Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì, ọwọ́ alágbàtọ́ ni ọmọ ń wà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tí alágbàtọ́ náà mọ̀ kan gbogbo wa.

Ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹ̀yìn ni a fi ń tẹ́ ọmọ jòjòló sùn, kì í ṣe ìdojúbolẹ̀; pé ọmyàn nìkan ni oúnjẹ ọmọ títí yóò fi pé oṣù 6, kì í ṣe omi tàbí àgbo. Ó sì yẹ kí ó máa dá ọmọ lóhùn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Harvard sọ pé ní ọdún díẹ̀ àkọ́kọ́, ìsopọ̀ tuntun tí ń wáyé nínú ọpọlọ ọmọ lé ní 1,000,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín ni ń mú wọn lágbára.

Lóde òní, a lè kọ́ gbogbo èyí lórí fóònù. Ṣùgbọ́n wíwo fídíò nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá ètò Early Head Start sílẹ̀ ní ọdún 1994 fún aboyún àti ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 3. Ní ọdún 2016, ìlànà ètò náà pàṣẹ pé kí ìtọ́sọ́nà wà fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ń kọ́ ọmọ.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é láti ọ̀nà jíjìn. Alágbàtọ́ àti olùtọ́sọ́nà yóò yan ohun kan ṣoṣo, bí àpẹẹrẹ, bíbá ọmọ sọ̀rọ̀ nígbà tí a bá ń pààrọ̀ ìtẹ́dìí rẹ̀. Alágbàtọ́ yóò fi fóònù ya ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Olùtọ́sọ́nà yóò wò ó níbi tí ó wà, wọn yóò sì jọ sọ ohun tí ó dára àti èyí tí ó kù. Kí òbí kọ́kọ́ fọwọ́ sí i, kí fídíò náà má sì dé ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní iṣẹ́ rélùwéè tí mo ti ń ṣe akọ̀wé, ìwé òfin wà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í fi ìwé nìkan di awakọ̀ ojú irin. Àgbà gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ta ni yóò san owó dátà? A ń ra aṣọ ẹbí fún ìkómọ láìjanpata. Kí àwọn ìdílé tí ọmọ wọn wà lọ́wọ́ alágbàtọ́ kan náà dá owó dátà fún un, kí wọ́n sì fún un ní wákàtí kan lọ́sẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ tí ó ti fẹ̀yìntì pọ̀ nílé. Kí a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi èdè wa tọ́ wọn sọ́nà. Kí ìpàdé àwọn ìyá gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò.

Ọlọ́run yóò dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.