Ìrántí Onígbàgbé àti Ìrántí Àìgbàgbé: Bí Kókó Ètò Linux Ṣe Ń Ṣètò Ìrántí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ìrántí, ni àwọn tí ń fi èdè Yorùbá ṣàlàyé kọ̀ǹpútà sábà máa ń lò fún ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Ọ̀rọ̀ náà tó lò nígbà tí ìrántí inú ẹ̀rọ kò ju oríṣi kan lọ. Ní ọjọ́ òní, ẹ̀rọ kan lè ní oríṣi méjì tàbí mẹ́ta, tí ìyára àti ìwà wọn kò bára mu. Bí ó ti yẹ kí wọ́n sọ wọ́n lórúkọ ni ọ̀ràn tí ó wà nílẹ̀. Kókó ètò Linux sì ti bá irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ jìjàkadì.

Kókó ètò ni apá tí ó jinlẹ̀ jù lọ nínú ètò ìṣàkóso kọ̀ǹpútà. Òun ni ó ń pín ìrántí àti àkókò ọpọlọ ẹ̀rọ fún àwọn ètò yòókù. (Èkùrọ́ ni orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un túmọ̀ sí gan-an, ṣùgbọ́n àwọn Yorùbá ti ń sọ̀rọ̀ nípa kókó ọ̀rọ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé, kò sì sí ìdí láti fi èkùrọ́ dà á rú.) Kókó ètò a máa gé ìrántí sí ojú-ewé, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ojú-ewé kan jẹ́ báìtì 4,096. Ètò tí ó ni ojú-ewé kò mọ ibi tí ó wà ní ti gidi. Inú tábìlì àdírẹ́sì tí kókó ètò ń tọ́jú ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Atlas, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣí ní Manchester ní ọdún 1962, ní ìrántí kékeré tí ó yára àti àgbá olóòfà ńlá tí ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ètò tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ rí méjèèjì bí ẹyọ kan.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ààlà wà láàárín ìrántí onígbàgbé, tí ohun inú rẹ̀ ń parẹ́ bí iná bá lọ, àti ibi ìpamọ́ bíi dísìkì, tí kì í gbàgbé ṣùgbọ́n tí ó lọ́ra. Optane ni ó ba ààlà yìí jẹ́. Ní ọdún 2015 ni Intel àti Micron kéde ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó bí i. Ní ọdún 2019 ni Intel gbé èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú ihò ìrántí gan-an jáde. Ẹyọ kan lè gba tó gígábáìtì 512. Kíkà rẹ̀ ń gba ìlọ́po méjì àkókò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, kò gbàgbé. Ìrántí ni, tàbí ibi ìpamọ́?

Linux kò yan ọ̀kan kí ó sì kọ èkejì sílẹ̀. Ẹ̀dà 4.0, ọdún 2015, la ọ̀nà kí ètò lè máa ka fáìlì ní tààrà láti inú irú ohun bẹ́ẹ̀, láìkọ́kọ́ dà á kọ sínú ìrántí onígbàgbé: níhìn-ín, ibi ìpamọ́ ni. Ẹ̀dà 5.1, ọdún 2019, jẹ́ kí ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè fà á lé kókó ètò lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí ìrántí lásán. Bí ẹ̀rọ bá kú tí ó tún jí, kókó ètò yóò kà á sí òfìfo. Nǹkan kan náà ni. Ní ìlò kìíní ó jẹ́ ìrántí àìgbàgbé, ní ìlò kejì onígbàgbé ni. Ẹni tí ó bá fi ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n sọ ọ́ lórúkọ yóò ṣì í.

Ibi tí iṣẹ́ gbé le ni mímọ ojú-ewé tí ó yẹ kí ó wà nítòsí. Ìyá aláta kì í kó gbogbo ọjà sórí àtẹ. Ohun tí wọ́n ń bèèrè nígbà gbogbo ni ó wà níbẹ̀, ìyókù wà nínú àpò lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá aláta ń rí oníbàárà. Bí kókó ètò bá ń ṣọ́ gbogbo kíkà, kò ní sí àyè fún iṣẹ́ mìíràn. Nítorí náà, ọpọlọ ẹ̀rọ a máa sàmì sí tábìlì àdírẹ́sì nígbà tí ó bá fọwọ́ kan ojú-ewé. Kókó ètò a máa pa àmì náà rẹ́, a sì padà wá wò bóyá ó ti tún yọ. Nígbà mìíràn, kókó ètò a mọ̀ọ́mọ̀ ti ojú-ewé kan pa nínú tábìlì: ètò tí ó bá wá a yóò kọsẹ̀, kókó ètò yóò sì ṣírò bí ó ti pẹ́ tó kí ó tó kọsẹ̀. Bí kò bá pẹ́, àlòtúnlò ni ojú-ewé náà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá wá a, àpatì ni. Ìsọ̀kalẹ̀ àpatì sí ìrántí tí ó lọ́ra wọ Linux ní ẹ̀dà 5.15, ọdún 2021. Ìgbéga àlòtúnlò tẹ̀ lé e ní ẹ̀dà 5.18, ọdún 2022.

Ní oṣù keje ọdún 2022 yìí kan náà, Intel kéde pé òun yóò fi Optane sílẹ̀. Ká ní orúkọ Optane ni wọ́n fi pe gbogbo iṣẹ́ yìí ni, òun náà ì bá ti di àpatì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà 6.1, tí ó jáde ní oṣù kejìlá, fi ìpele pín ìrántí: bí ó ti yára tó ni ó ń pinnu ìpele rẹ̀. Ìrántí ìpele kìíní àti ìrántí ìpele kejì ni ó yẹ kí ó wọ inú àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí fún èyí, kí onígbàgbé àti àìgbàgbé sì dúró fún ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iná bá lọ. Ìrántí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ nípa ìlànà CXL, tí àjọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2019, jẹ́ onígbàgbé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n fi mọ ọ́n sì yàtọ̀ sí ti Optane. Síbẹ̀, ìpele tí Optane fi sílẹ̀ ni ó bọ́ sí.