Ta ni yóò padà wọlé bí gáréèjì bá di ilé àti ṣọ́ọ̀bù?

Ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀n, ó ti pẹ́ tí àríyànjiyàn ti ń lọ lórí ilẹ̀ kan tí àwọn tó wá rajà ń gbé mọ́tò sí. Ilẹ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rye Lane, òpópónà tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ta iṣu, ata, ẹran àti àǹkárá, tí àwọn kan fi ń pe àdúgbò náà ní Èkó kékeré. Ilé ìtajà Aylesham àti súpámákẹ́ẹ̀tì Morrisons ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú pápá tí àwọn oníbàárà ń páàkì sí. Iléeṣẹ́ Berkeley, tó ń kọ́lé tà, fẹ́ wó gbogbo rẹ̀, kó sì kọ́ ilé gbígbé tó lé ní 850 síbẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ wọn.

Ìlànà ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ni pé, nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, 35 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí apá mẹ̀kúnnù ká. Nígbà tó yá, Berkeley ní ohun ìkọ́lé ti gbówó lórí, pé 12 nínú 100 ni agbára òun mọ. Àwọn ará àdúgbò yarí. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà ti dé iwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ìta gbangba.

Kò sẹ́ni tó jiyàn pé Lọ́ńdọ̀n nílò ilé. Ohun tí wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́lé tán, ta ni yóò lówó àtiwọlé? Ìlú tó bá dàgbà lẹ́bàá títì, bíi Ọ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, kò lè sá fún irú ìbéèrè yìí.

Ìlú tí títì sọ di ńlá

Ọ̀rẹ̀ ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò. Ibẹ̀ ni ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Benin ti pàdé ọ̀nà tó lọ sí ìlú Oǹdó àti èyí tó lọ sí Òkìtìpupa. Ìkóríta yìí ṣe pàtàkì débi pé nígbà ogun abẹ́lé, lọ́dún 1967, àgbègbè Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra tó dojú kọ Èkó dúró. Lónìí, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń ti Èkó lọ sí ìlà oòrùn ló ń dúró ní Ọ̀rẹ̀ kí èrò sọ̀ kalẹ̀ jẹun. Ẹni tó bá ti Omífunfun tàbí Òdìgbò gbé ẹrù oko jáde, Ọ̀rẹ̀ ni yóò ti wọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Ìjọba gómìnà Rọ́tìmí Akérédolú kọ́ bíríjì gba orí ìkóríta náà kọjá. Ọgbà iléeṣẹ́ Ondo-Linyi náà tún wà lágbègbè yẹn, tó ń fa àwọn tó ń wáṣẹ́ wá. Bí èèyàn bá ti ń pọ̀, ilé ń wọ́n, ilẹ̀ àárín ìlú sì ń gbówó lórí. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, gáréèjì ni ojú àwọn oníṣòwò ilẹ̀ kọ́kọ́ máa ń lọ: ilẹ̀ gbọọrọ ni, ó wà láàárín ìlú, kò sì sí ilé gidi lórí rẹ̀.

Báwo ni ilẹ̀ tí mọ́tò ń jẹ ṣe pọ̀ tó?

Àyè tí mọ́tò kan ń dúró sí kò pọ̀ lójú. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni mítà 2.4 ní fífẹ̀ àti mítà 4.8 ní gígùn. Ṣùgbọ́n mọ́tò gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà wọlé, kó rí ọ̀nà yí, kó sì rí ọ̀nà jáde. Bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, mọ́tò kan ń gba nǹkan bíi mítà 25 sí 30 níbùú lóròó. Ọgọ́rùn-ún mọ́tò yóò gba 2,500 sí 3,000. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ ẹsẹ̀ 50 sí ẹsẹ̀ 100 jẹ́ nǹkan bíi mítà 465 níbùú lóròó, nítorí náà ilẹ̀ ọgọ́rùn-ún mọ́tò yẹn tó púlọ́ọ̀tì márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀.

Ìṣirò báyìí ni Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì California ní Los Angeles, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde lọ́dún 2005, ó ní kò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ kankan, pé ẹni tí kò ní mọ́tò náà ń bá wọn sanwó rẹ̀ nínú owó ilé àti owó ọjà. Láàárín ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, òfin ló ń fipá mú ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé láti fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mọ́tò. Lọ́dún 2017, ìlú Buffalo ní ìpínlẹ̀ New York pa òfin náà rẹ́, àwọn ìlú mìíràn sì tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra kí a má gbé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá sí Ọ̀rẹ̀ lódindi. Pápá ìgbọ́kọ̀sí tiwọn, mọ́tò tí olówó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́ ló kún inú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Gáréèjì tiwa, ibi iṣẹ́ gan-an ni. Awakọ̀, akọ̀wé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì, alábàárù, mẹkáníìkì, ẹni tó ń lẹ táyà, ìyá olóúnjẹ, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá, gbogbo wọn ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ náà láti ojú òfuurufú lè sọ pé ó ṣófo. Kò ṣófo rárá.

Ta ló ni ilẹ̀ náà lójú òfin?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, fi ìdásílẹ̀ àti àbójútó ọjà àti gáréèjì sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ gáréèjì Ọ̀rẹ̀, iṣẹ́ káńsù Òdìgbò ni. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà. Ọ̀nà Èkó sí Benin sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, tó ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan bíi mítà 45 láti àárín títì lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Nítorí náà, ìjọba mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ gáréèjì ẹ̀bá títì lè kàn, ẹni tó bá sì ń gbowó lójoojúmọ́ lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù lè má ní àṣẹ láti ṣèlérí ohunkóhun fún un lọ́jọ́ tí katapílà bá dé.

Ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bìínú tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ìlú, òfin 1978 náà ní kí wọ́n san owó ohun tí onílẹ̀ kọ́ tàbí gbìn sórí rẹ̀, bí ilé àti irè oko. Kò ní kí wọ́n san iye tí ilẹ̀ náà ń tà lọ́jà. Ìyá tó ti ń ta ìrẹsì lábẹ́ páànù fún ogún ọdún, tí kò ní ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní C of O, tó jẹ́ pé owó ilẹ̀ ojoojúmọ́ ni ó ń san, kí ni yóò kà sí tirẹ̀? Oníbàárà tó ti kó jọ ni ọrọ̀ rẹ̀, òfin kò sì mọ owó tí èyí tó.

Ohun tó ti rì sínú ilẹ̀

Kí wọ́n tó fa àwòrán ilé, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ wò. Níbi tí wọ́n bá ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí díṣẹ́ẹ̀lì àti pẹtiróòlù ń jò fún ọgbọ̀n ọdún, nǹkan wọ̀nyí kì í gbẹ lọ bí omi. Díẹ̀ nínú wọn ń rọra wọlẹ̀ títí yóò fi kan omi tí kànga àti bòhóòlù ń fà. Nínú pẹtiróòlù ni kẹ́míkà benzene wà, èyí tí ìmọ̀ ìṣègùn ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Òjé náà tún wà: ó máa ń ti inú bátìrì tí wọ́n tú jáde, ó sì ti wà nínú pẹtiróòlù fúnra rẹ̀ láyé àtijọ́. Lọ́dún 2021 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé kéde pé kò sí orílẹ̀-èdè tó tún ń ta pẹtiróòlù olójé fún mọ́tò mọ́, lẹ́yìn tí Àlùjẹ́ríà dáwọ́ dúró. Òjé tó ti bọ́ sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn kò kúrò níbẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ló sì máa ń bà jẹ́ jù.

Kì í ṣe pé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbé. Wọ́n lè kó erùpẹ̀ tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n lè da èyí tó mọ́ sí i, wọ́n lè fòfin de kànga gbígbẹ́ níbẹ̀. Owó ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ. Bí wọn kò bá kọ ẹni tó máa san án sínú ìwé àdéhùn, àwọn tó bá kó wọlé ni yóò fi ara san án.

Ohun tí Tẹ́júoṣó àti Òṣòdì kọ́ wa

Iná sun ọjà Tẹ́júoṣó ní Yaba, l'Ékòó, lóṣù Kejìlá ọdún 2007. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bá iléeṣẹ́ aládàáni ṣe àdéhùn láti tún un kọ́: kí iléeṣẹ́ náà kọ́ ọ, kó lò ó fún ọdún tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí, kó fi gba owó rẹ̀ padà. Nígbà tí wọ́n ṣí i lọ́dún 2014, ilé alájà mélòó kan ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lé ní 2,000, ibi ìgbọ́kọ̀sí sì wà nínú rẹ̀. Ó dára lójú. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kí iná tó jó ni pé iye tí wọ́n ń ta ṣọ́ọ̀bù náà ju agbára àwọn lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ẹni tó yáwó báńkì kọ́lé kò lè fi iye àtijọ́ gbé ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, àfi tí ìjọba bá bá a gbé nínú ẹrù náà, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sínú àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Òdìkejì kí gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù ló ṣẹlẹ̀ ní Òṣòdì. Lóṣù Kíní ọdún 2016, ìjọba gómìnà Akínwùnmí Ambọ̀dé wó ọjà Ọwọ́nifáàrí, ó sì ní kí àwọn ọlọ́jà kọjá sí ọjà Ìsọ̀pakodòwò ní Bọ́ládé. Lóṣù Kẹrin ọdún 2019, ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ibùdókọ̀ ńlá mẹ́ta ní Òṣòdì. Ìgbà yẹn, ọjà ló kúrò kí mọ́tò lè ráyè. Síbẹ̀, títì Òṣòdì kò bọ́ lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ tó ń gbèrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, torí ibi tí ẹsẹ̀ èrò bá gbà ni awakọ̀ ń dúró sí.

Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún Ọ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé gáréèjì jìnnà sí ìkóríta, èrò tó sọ̀ kalẹ̀ láti Òkìtìpupa yóò tún san owó ọ̀kadà kó tó rí mọ́tò Èkó. Kò ní pẹ́ tí mọ́tò yóò tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbèrò lábẹ́ bíríjì, lójú ọ̀nà tí tírélà ń sáré gbà.

Ṣé dandan ni kí ọ̀kan kúrò fún èkejì?

Kì í ṣe dandan. Ní Hong Kong, iléeṣẹ́ rélùwéè MTR ti ń kọ́ ilé sórí ibùdó ọkọ̀ ojú irin láti nǹkan bí ọdún 1980. Àwọn ilé Telford Gardens ní Kowloon Bay wà lórí ibi tí wọ́n ń tọ́jú ọkọ̀ ojú irin. Owó ilé ló ń ran rélùwéè lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iná mànàmáná ló ń wa ọkọ̀ tiwọn. Bí bọ́ọ̀sì díṣẹ́ẹ̀lì bá wà nísàlẹ̀, tí èèyàn ń sùn lókè, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ rí ibi gbé èéfín jáde, àjà tó là wọ́n láàárín gbọ́dọ̀ lè dúró de iná, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ta epo inú jálá nísàlẹ̀ ilé. Níbi tí àbójútó kò bá sí, ó sàn kí ilé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì ju kó wà lórí rẹ̀ lọ.

Peckham náà tún ní àpẹẹrẹ mìíràn. Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ní ilé alájà púpọ̀ kan tí wọ́n kọ́ fún mọ́tò, tí wọ́n ti gbèrò nígbà kan láti wó. Àwọn ará àdúgbò kọ̀. Àwọn oníṣẹ́ ọnà bẹ̀rẹ̀ sí í lo àjà òkè rẹ̀ láti ọdún 2007, nígbà tó sì di ọdún 2017, àwọn oníṣòwò kéékèèké àti olóúnjẹ wọ àwọn àjà ìsàlẹ̀ lábẹ́ orúkọ Peckham Levels.

Ìwé tó yẹ kó ṣáájú katapílà

Bí ọjọ́ kan bá dé tí káńsù tàbí ìjọba ìpínlẹ̀ bá gbé irú ètò yìí wá síwájú àwọn ará Ọ̀rẹ̀, wọ́n á gbé àwòrán aláwọ̀ mèremère dání. Ìwé mẹ́rin ni kí àwọn ará ìlú béèrè ṣáájú àwòrán. Èkíní ni àbájáde àyẹ̀wò erùpẹ̀ àti omi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa sanwó ìtúnṣe. Èkejì ni ibi tí mọ́tò máa lọ láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ̀kẹta ni iye tí ẹni àtijọ́ máa san lórí ṣọ́ọ̀bù tuntun, àti iye ọdún tí iye náà kò fi ní yí padà.

Ẹ̀kẹrin ló rọrùn jù lọ, òun náà ni wọ́n sì sábà máa ń gbàgbé: orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì náà lónìí, títí kan ẹni tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, kí káńsù buwọ́ lù ú, kí ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ awakọ̀ àti ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé náà kí wọ́n tó wó páànù rẹ̀, kò ní ohun tí yóò fi hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín kọ́kọ́rọ́.