Láti Inú Ebè Dé Orí Iná: Ìwé Ìlàlóye Lórí Èlùbọ́ Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra èlùbọ́ ní Bódìjà tàbí ní Òjé n'Ìbàdàn, àti ẹ̀yin tí ẹ ń rà á lọ́jà Àgọ́-Àrẹ níbí, ẹ̀yin la kọ ìwé yìí fún. Àgbẹ̀ mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ ni kì í sábà mọ bí iṣu funfun ṣe di àmàlà dúdú, àìmọ̀ yìí ló sì ń jẹ́ kó ra ohun tí kò yẹ kó wọ ilé.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Atisbo, l'Òkè-Ògùn. Òjò a bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, a sì dáwọ́ dúró bó bá di oṣù kẹwàá. Igba igba la máa ń ka ebè iṣu. Ẹni tó bá ní òun kọ igba mẹ́wàá, ẹgbẹ̀rún méjì ebè ló kọ yẹn, ọkọ́ ló sì fi kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nàìjíríà nìkan ló ń pèsè ju ìdajì iṣu tí gbogbo ayé ń wà lọ, ẹ̀yìn àgbẹ̀ ló sì gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Iṣu tútù kò ṣeé tọ́jú títí. Á rà, á hù, ó sì wúwo láti kó dé ọjà. Bí ọyẹ́ bá ti dé, àwọn ìyá wa a ṣa èyí tó kéré àtèyí tí ọkọ́ ṣá lọ́gbẹ́, wọ́n a bẹ ẹ́, wọ́n a bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n a sì fi sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì. Omi ọ̀hún kò gbọdọ̀ hó. Bó bá hó, iṣu sísè lẹ sè yẹn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á sá a, orí àpáta ló sì dára jù, nítorí àpáta a máa gbóná láti ìsàlẹ̀ bí oòrùn ṣe ń pa á láti òkè. Etí títì tí àwọn kan ń sá a sí kò dára rárá: eruku táyà ń bà lé e, ewúrẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbodo, ìyẹn iṣu sísá yìí tí wọ́n máa ń lọ̀ di èlùbọ́, a dún kóó bó bá gbẹ dénú tí ẹ sì fi méjì lu ara wọn. Èyí tó bá ṣì ń tẹ̀ kò tíì gbẹ.

Nínú iṣu kílò mẹ́ta, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì. Ẹni tó bá ń bínú pé èlùbọ́ wọ́n, kó kọ́kọ́ yọ omi àti èèpo kúrò nínú owó iṣu ná.

Dúdú àmàlà kì í ṣe aró. Ohun kan wà nínú iṣu tó máa ń pọ́n bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, bí ẹ ṣe ń rí i lára iṣu tí ẹ bẹ tí ẹ ò tètè gbé kaná. Láfún ní tirẹ̀ kì í ṣe èlùbọ́ iṣu, pákí ni. Wọ́n á rẹ ẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí oró inú pákí lè jáde.

Ibi méjì ni ewu ti ń wọlé. Ti àkọ́kọ́ ni gbodo tí wọn kò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó kó o sápò. Yóò bu, ibi tó bu sí sì lè ní májèlé tí wọ́n ń pè ní aflatoxin, èyí tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tó sì lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Iná kì í pa á, ajọ̀ kì í sì í yọ ọ́. Bí wọ́n bá ti lọ èyí tó bu mọ́ èyí tó dáa, ojú ò lè yà wọ́n mọ́. Nítorí náà, bó bá ṣeé ṣe, gbodo ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ ṣẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ọlọ fúnra yín. Ìyá elélùbọ́ tó mọ ọjà rẹ̀ kò ní bínú.

Èkejì ni òògùn kòkòrò. Àwọn kan ń wọ́n ọ̀tapíapíà tàbí DDVP, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Sniper, sára gbodo àti ẹ̀wà. Lọ́dún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti òògùn, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti mìlílítà 100, kí wọ́n má tà á nínú ọjà mọ́. Kì í ṣe fún oúnjẹ rárá. Dípò òògùn yìí, àpò onípele mẹ́ta wà, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nítorí ẹ̀wà: ọ̀rá méjì nínú, àpò híhun lóde. Ẹ fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ di ọ̀rá kọ̀ọ̀kan pinpin, kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí atẹ́gùn mí.

Bí ẹnikẹ́ni bá jẹun tán tó ń bì, tó ń ṣu gbuuru, tó ń làágùn, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí èémí ń ṣòro fún un, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì mú ìyókù oúnjẹ náà àti èlùbọ́ tí ẹ fi rò ó dání kí àwọn dókítà lè rí i.