Bí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bá dá yín dúró, tọ́tí sì wà lára yín: ohun tó yẹ kí àwọn awakọ̀ Àkókó mọ̀

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà tó ti Ìkàrẹ́ gba Àkùngbá kọjá lọ sí Ọ̀kà yóò jẹ́rìí sí i pé ọ̀nà náà kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi ojú oorun wà. Òkè ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni, ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ sì wà létí títì. Lọ́jọ́ 23, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, ọkọ̀ ńlá kan tí wọ́n ní bíréèkì rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ya wọ àárín èèyàn níwájú Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá, ẹ̀mí sì bá a lọ. Bí ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ já bá lè ṣe báyìí, kí ni ká wá sọ nípa ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáká, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ọtí ti gba ojú awakọ̀ rẹ̀?

Òfin ìrìnnà ojú pópó tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde lọ́dún 2012 kò gbà kí ọtí inú lítà ẹ̀jẹ̀ kan awakọ̀ ju ìdajì gíráàmù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó dìgbà tí awakọ̀ bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kó tó rú òfin yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgò ńlá bíà kan ṣoṣo, tí agbára rẹ̀ jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, lè gbé ọkùnrin tí kò sanra jù, tí kò sì tín-ín-rín jù, dé bèbè ìwọ̀n náà. Ara rẹ̀ a sì tó wákàtí mẹ́ta kó tó lo ọtí inú ìgò kan náà tán.

Ẹ jẹ́ ká fi òde ìnáwó ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní awakọ̀ kan lọ síbi ìsìnkú àgbà ní Ọ̀kà, ó mu ìgò ńlá mẹ́rin láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di òru, ó sùn díẹ̀, ó jí, ó wẹ̀, ó sì kó èrò lọ sí Ìkàrẹ́ laago mẹ́fà àárọ̀. Lójú ara rẹ̀, ojú rẹ̀ ti dá. Ṣùgbọ́n ọtí tó wà lára rẹ̀ ṣì lè ju ti òfin lọ. Omi tútù, kọfí, orógbó àti ọbẹ̀ ata kò lè lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Àkókò nìkan ló lè ṣe é. Ti ògógóro àti párága tún le jù, nítorí ife kékeré níbẹ̀ lè ní agbára tó pọ̀ ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bá wá na ọwọ́ sí yín, ẹ rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe sá, ẹ má ṣe bá wọn jà. Ẹ kó ìwé àṣẹ ìwakọ̀ àti ìwé ọkọ̀ jáde. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ tí ń yẹ èémí wò, ẹ fẹ́ ẹ títí wọn yóò fi ní ó tó. Bí ẹ̀rọ náà bá mú yín, ẹ má ṣe padà sídìí ọkọ̀. Ẹ pe ẹni tí kò mu ọtí, tó sì ní ìwé àṣẹ, kó wá bá yín wà á.

Owó ìtanràn awakọ̀ tó mu ọtí wakọ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà (₦5,000), báńkì ni a sì ń san án sí, a kì í fi lé ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀sùn náà kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí òun fi owó ẹ̀yìn pa ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu mọ́ ti fi ẹ̀ṣẹ̀ kún ẹ̀ṣẹ̀: ₦10,000 ni ìtanràn tìyẹn, pẹ̀lú póìǹtì mẹ́wàá. Póìǹtì márùn-ún ni ti ọtí. Bí póìǹtì awakọ̀ bá pé mẹ́wàá, wọn a kìlọ̀ fún un. Bó bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọn a gba ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bó bá sì tó mọ́kànlélógún, wọn a gbà á pátápátá.

Àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun mọ̀ pé owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń parí ọ̀rọ̀ yìí níbẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá jẹ̀bi kì í wakọ̀ fún ọdún kan, ó kéré tán. Adájọ́ lè fún un láǹfààní láti lọ sí kíláàsì oníwákàtí 16. Bó bá parí rẹ̀ lásìkò, wọ́n lè gé ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú ìjìyà náà. Ní Texas, kíláàsì oníwákàtí 12 wà fún ẹni tó kọ́kọ́ jẹ̀bi, òfin sì fún un ní 180 ọjọ́ láti parí rẹ̀. Bí kò bá parí rẹ̀, ìwé àṣẹ rẹ̀ wọ wàhálà. Ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀ ni bí ọtí ṣe ń ṣiṣẹ́ lára, ohun tó ń ṣe sí ojú àti ẹsẹ̀ awakọ̀, àti bí èèyàn yóò ṣe ṣètò bó ṣe máa délé kó tó gbé ife sẹ́nu.

Irú ẹ̀kọ́ yìí gan-an ni àwọn awakọ̀ wa nílò, nítorí ìtanràn ń tán lọ́kàn, ẹ̀kọ́ kì í tán. Ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí adájọ́ yóò fi dandan mú yín. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó máa ń lọ sí gáréèjì láti la àwọn awakọ̀ lọ́yẹ̀, pàápàá láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá ọdún. Kí àwọn alága gáréèjì ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà máa pè wọ́n wá nígbà yòókù pẹ̀lú, kí wọ́n sì jẹ́ kí awakọ̀ tí wọ́n bá mú jókòó síwájú pátápátá. Kí àwọn tó ń ṣe ìnáwó náà yan ẹni tí kò ní fi ẹnu kan ọtí rárá láti wa àlejò wọn lọ sílé. Bí ìjàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122 lórí fóònù láìsan owó.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ṣeé rí san. Ẹ̀mí èrò tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ kò ṣeé san.