Abọ́ Búrẹ́dì fún Ọdún Kérésìmesì

Ẹni tó bá ń gbé ní Ẹdẹ mọ̀ pé ọdún Iléyá kì í ṣe ti Mùsùlùmí nìkan. Ní ọdún 2023, abọ́ ẹran mẹ́ta ni wọ́n gbé wọ ilé wa kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan nínú wọn láti ọ̀dọ̀ Alhájà tí ilé wọn kọjú sí tiwa. Ẹni bá jẹ ẹran Iléyá ti jẹ gbèsè ìrẹsì Kérésìmesì. Nígbà tí oṣù Kejìlá wọlé, èmi àti ìyàwó mi jókòó, a ṣírò owó ọwọ́ wa, a sì rí i pé àpò ìrẹsì ti kọjá ohun tí apá wa ká.

Mo ní kí a sọ fún àwọn aládùúgbò pé abúlé ni a ó ti ṣọdún. Ìyàwó mi wò mí títí. Ó ní, “Dáddì, ṣé irọ́ ni ẹ fẹ́ kí a fi ṣe Kérésìmesì?” N kò rí èsì fún un.

Òun ló wá mú ọ̀rọ̀ abọ́ búrẹ́dì wá: kí a ṣe búrẹ́dì bí abọ́, kí a bu ẹ̀wà rírò tó ki sínú rẹ̀, kí a sì gbé e fún àwọn èèyàn. Mo rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìlú Durban ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ará Íńdíà tó tẹ̀dó síbẹ̀ ti ń gbẹ́ inú búrẹ́dì, tí wọ́n ń bu ọbẹ̀ sí i, tipẹ́tipẹ́. Bunny chow ni wọ́n ń pè é. Àwa náà kúkú ń fi búrẹ́dì jẹ ẹ̀wà láràárọ̀. Ohun tó kù ni kí ẹ̀wà wọ inú búrẹ́dì.

Búrẹ́dì fúnra rẹ̀, àlejò tó di ọmọ onílé ni. Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé ti ń jẹ ẹ́ ní Èkó láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ọ́ di oúnjẹ gbogbo èèyàn ni Amos Shackleford, ọmọ Jamaica tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní 1921. Ojú irin kan náà ló gba Ẹdẹ kọjá lọ sí Òṣogbo. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́n nígbà náà yóò rántí pé láti 1987 títí di 1992 ni ìjọba fi òfin de àlìkámà òkè òkun. Ọmọdé ni mí, búrẹ́dì sì di nǹkan tí a ń pín bí ẹran.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ṣe é. Fúláwà kílò kan, iyọ̀ ṣíbí kékeré méjì, ṣúgà ṣíbí ńlá mẹ́rin, bọ́tà gíráàmù 50, yíìsì gíráàmù 10, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ bí ìlàjì lítà. Mo tẹnu mọ́ lílọ́wọ́ọ́rọ́ nítorí èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́. Mo rò pé bí omi bá ti gbóná tó ni yóò ti tètè wú tó, mo da omi híhó lé e. Ohun alààyè ni yíìsì. Omi híhó pa á pátápátá. Wákàtí méjì kọjá, fúláwà náà jókòó bí òkúta. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó gé e wẹ́wẹ́, ó dín in ní ṣíńṣín fún àwọn ọmọ.

Ní ti ẹ̀ẹ̀kejì, a pò ó fún ìṣẹ́jú 15, a fi aṣọ tútù bò ó fún wákàtí kan. Ó gbọ́dọ̀ le díẹ̀ ju ti búrẹ́dì lásán lọ, kí abọ́ má baà wó. A pín in sí mẹ́jọ, a fi ìgò tẹ́ ẹ, a gé e bí ìràwọ̀ onígun márùn-ún. A dojú abọ́ tánńganran kékeré dé, a fi òróró pa ẹ̀yìn rẹ̀, a tẹ́ ìràwọ̀ náà lé e, a sì fi fọ́ọ̀kì gún un kó má baà lé. Nígbà tó bá jinná tí a bá yí i padà, àwọn igun náà á dìde dúró bí adé. Ìkòkò ńlá tí a da iyanrìn sí nídìí ni ófùn wa, èédú nísàlẹ̀, èédú lórí ọmọrí. Ìṣẹ́jú 25 ó ti pọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹyin pa inú rẹ̀, kí ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ọbẹ̀ má baà rin ín. Ẹ má ṣe bu gbẹ̀gìrì sí i o.

Kílò mẹ́ta fún wa ní abọ́ 24. Méjì méjì ni ìkòkò ń gbà, nítorí náà àkùkọ ti kọ kí a tó parí. Láàárọ̀ Kérésìmesì, èmi fúnra mi ni mo gbé ti Alhájà lọ, ọkàn mi kò sì balẹ̀.

Nígbà tó di alẹ́, ọmọ wọn kan kànlẹ̀kùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ọdún o, Bàbá Pásítọ̀. Màmá wa ní kí ẹ má bínú, wọn ò rí abọ́ yín dá padà. A ti jẹ ẹ́.”