Bí Ọdẹ Òru Bá Dákẹ́

Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Ìbàdàn àti ní Èkó, ọdẹ tó ń ṣọ́ òru a máa fi irin lu òpó iná tàbí ríìmù àlòkù tí wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu géètì. Aago kan, gbàn. Aago méjì, gbàn gbàn. Ẹni tó ń sùn kì í jí sí i, etí ti mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń ta èèyàn jí ni kí aago mẹ́ta kọjá kí irin má dún. Landlọ́ọ̀dù á gbórí sókè lórí bẹ́ẹ̀dì: ṣé ọdẹ ti sùn lọ ni, àbí wọ́n ti dè é mọ́gi?

Irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú táyà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló wà nídìí iná yẹ́lò kan tó ti sú ọ̀pọ̀ onímọ́tò lórí dáṣíbọ́ọ̀dù: àwòrán táyà tí wọ́n gé lókè, tí àmì ìyanu dúró láàárín rẹ̀. Ẹlòmíràn ra ọkọ̀ pẹ̀lú iná yìí, ó wà á fún ọdún bíi mélòó kan, ó tún tà á, iná náà kò kú. Ó ti fẹ́ táyà títí, iná ò gbọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń já sí nìyẹn lọ́dọ̀ ríwáyà: "Ọ̀gá, ẹ kàn bá mi gé wáyà ẹ̀."

Kí ọ̀gá tó fa ẹ̀mú yọ, ẹ jẹ́ ká wo inú táyà ná. Bí fọganáísà bá bọ́ táyà kúrò lára ríìmù, á rí nǹkan dúdú kékeré kan tí wọ́n dè mọ́ ìdí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Sẹ́ńsọ̀ nìyẹn. Bátìrì wà nínú rẹ̀, ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, rédíò kékeré náà sì wà, tó sábà máa ń sọ̀rọ̀ lórí 315 MHz bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, tàbí 433 MHz bó bá jẹ́ ti Yúróòpù. Wọ́n ti fi ike di bátìrì náà mọ́ inú, kò ṣeé pààrọ̀. Bó bá lo bí ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá tó sì kú, odindi sẹ́ńsọ̀ ló kú yẹn.

Sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, á máa ké sí àpótí kan tó wà lára ọkọ̀: èmi nìyí o, bí afẹ́fẹ́ mi ṣe tó nìyí, bí mo ṣe gbóná tó nìyí. Àpótí náà ti há nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí. Bí ọ̀kan bá ní afẹ́fẹ́ òun ti lọ sílẹ̀, iná á tàn, á sì dúró gangan. Bí ọ̀kan bá dákẹ́ ńkọ́? Iná á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú fún bí ìṣẹ́jú kan tàbí kó lé díẹ̀, kó tó wá dúró. Ẹ ṣọ́ ọ bí ẹ bá ṣíná ọkọ̀ láàárọ̀. Èyí tó ń ṣẹ́jú kò bèèrè afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, bátìrì tó kú ló sì sábà máa ń fà á.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀mú ríwáyà máa ṣe. Bó bá gé wáyà àpótí, ọdẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Iná á ṣẹ́jú, á dúró, ẹ sì ti sanwó. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, àpótí yẹn náà ló ń gbọ́ rìmóòtù kọ́kọ́rọ́. Ẹ ó kàn máa tẹ̀ ẹ́ níwájú ilẹ̀kùn tí kò ní ṣí. Àwọn ọkọ̀ mìíràn wà tí kò ní sẹ́ńsọ̀ nínú táyà rárá, ẹ̀rọ ABS tó wà lára bíréèkì ni wọ́n fi ń ka yíyí ẹsẹ̀ ọkọ̀, torí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín a máa yí yára díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá gé wáyà níbẹ̀, ABS bíréèkì ló ń gé. Gílóòbù ńkọ́? Láyé àtijọ́ ó ṣeé yọ. Nísinsìnyí wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Nínú gbogbo ọgbọ́n wọ̀nyí, ẹni tó lẹ táàpù dúdú mọ́ ojú iná náà ni mo rò pé ó gbọ́n jù. Kò ba nǹkan kan jẹ́, ó sì mọ̀ pé ojú ara òun lòun dì.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kan tilẹ̀ gbé e dé ibi tó ya ni lẹ́nu. Wọ́n á yọ sẹ́ńsọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n á kó wọn sínú páìpù oníke, wọ́n á dí i lórí dí i nídìí, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ tó 35 PSI sí i, wọ́n á sì jù ú sínú bùùtù. Ọdẹ mẹ́rin nínú yàrá tí wọ́n tì pa, tí wọ́n ń pariwo pé àlàáfíà ni, táyà sì lè ti fẹ̀ mọ́lẹ̀ lóde. Ó ń ṣiṣẹ́ o. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Kò sì wúlò fún ẹni tí bátìrì sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ ti kú, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni iná ń dà láàmú jù.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń ṣe é fúnra wọn? Òfin àpapọ̀ ibẹ̀ kò gbà kí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì mọ̀ọ́mọ̀ pa ẹ̀rọ ààbò ọkọ̀, àmọ́ kò dárúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ mọ́ wọn. Bí ṣọ́ọ̀bù bá dá ọmọ wa tó wà ní Houston padà, ó di inú gáréèjì tirẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì.

Ìtàn tó bí òfin iná yìí burú. Lọ́dún 2000, táyà Firestone tó wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer ń ya lórí eré, pàápàá ní àwọn ìpínlẹ̀ tó gbóná bíi Texas àti Florida. Awọ tó ń tẹ títì á ṣí kúrò lára ìyókù, ọkọ̀ á sì gbókìtì. Àwọn tó kú lé ní 200. Nínú oṣù kẹjọ ọdún náà, Firestone ní kí wọ́n dá táyà mílíọ̀nù 6.5 padà. Ohun tí wọ́n jà lé lórí pọ̀, àmọ́ afẹ́fẹ́ wà lára rẹ̀: Ford ti ní kí wọ́n fẹ́ ẹ sí 26 péré. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó a máa tẹ̀ bó ṣe ń yí, títẹ̀ yẹn ló ń mú un gbóná, ooru náà ni kì í jẹ́ kí awọ àti wáyà inú rẹ̀ so pọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ti rí awọ táyà ńlá tó sùn gbalaja lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́sàn-án gangan mọ ohun tí mò ń wí. Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí òfin TREAD ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, nígbà tó sì fi di oṣù kẹsàn-án ọdún 2007, kò sí ọkọ̀ kékeré tuntun tí wọ́n lè ṣe fún Amẹ́ríkà láìní iná yìí.

Ní ìlú ọba, ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò láti oṣù kìíní ọdún 2012 kò ní yege àyẹ̀wò MOT bí ẹ̀rọ yìí kò bá ṣiṣẹ́ mọ́ rárá. Àwọn tó wà lọ́hùn-ún sì mọ ìyọnu rẹ̀ láàárọ̀ ìgbà òtútù: òtútù fún afẹ́fẹ́ pọ̀, iná tàn, kò sí ìṣó kankan nínú táyà.

Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe ní Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, kó béèrè MHz kó tó sanwó, torí ọkọ̀ tó ń gbọ́ 315 kò ní gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ 433. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ẹ̀rọ kọ́ ọkọ̀ ní nọ́ńbà tuntun náà. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká a, kó lẹ táàpù rẹ̀, àmọ́ kó ra géèjì. Iná yìí gan-an kì í tètè sọ̀rọ̀: ìdá kan nínú mẹ́rin afẹ́fẹ́ ni òfin Amẹ́ríkà gbà á láyè kó dín kó tó tàn. Táyà tó yẹ kó wà ní 32 lè dé 24, ojú kò ní rí i, ẹsẹ̀ tí fọganáísà fi ń ta á kò sì ní mọ̀ ọ́n. Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ fẹ́ ẹ dé iye tó wà níbẹ̀, kì í ṣe 40 tí fọganáísà fẹ́ràn. Bí táyà bá sì jò, tí fọganáísà fẹ́ bọ́ ọ, ẹ sọ fún un kó tó ki irin bọ̀ ọ́ pé sẹ́ńsọ̀ wà nídìí fáàfù, kó bẹ̀rẹ̀ láti òdìkejì.