Adventure, géèmù ọdún 1977 tó ń fún ẹni tó béèrè ọ̀nà ní iná púpọ̀

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni géèmù náà bi wá kí a tó wọlé: ṣé a fẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà fún wa? Ẹ̀rín pa wá. Àwa tí a ti ń lo kọ̀ǹpútà láti kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí la fẹ́ bi eré tó dàgbà jù wá lọ? A dáhùn pé rárá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, iná àtùpà wa ti kú sínú ihò ilẹ̀. A gbé ẹsẹ̀ sínú òkùnkùn, a já sí kòtò, eré parí.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, a ò kú lóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n ohun tí a rí kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan tí a fi bá eré yìí jà ló mú wa kọ ìròyìn yìí, pàápàá fún àwọn òbí tó ń kígbe lé ọmọ lórí nítorí géèmù.

Adventure lorúkọ rẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní Colossal Cave. Ẹ̀dà tí a ṣe ti wà láti ọdún 1977. Òun ni baba gbogbo eré kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ti ń rìn kiri, tó ń wá ìṣúra, tó sì ń wá ojútùú sí ohun tó ta kókó. Láti ara rẹ̀ ni irú àwọn géèmù bẹ́ẹ̀ ti gba orúkọ tí gbogbo ayé ń pè wọ́n títí di òní.

Kò ní àwòrán kankan, kò sì ní ohùn. Ọ̀rọ̀ nìkan ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Géèmù á sọ ibi tí ẹ wà àti ohun tí ẹ rí níbẹ̀. Ẹ̀yin á tẹ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì láti sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe, òun náà á sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí àgbà kan bá ń pàlọ́ lábẹ́ òṣùpá, tó dánu dúró láàárín ìtàn, tó ní: "Ó yá, ìwọ ni ìjàpá náà. Kí lo máa ṣe báyìí?"

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbọ́. Fún àwa tí a fi Faransé kàwé ní Bẹ̀nẹ̀, ìyẹn nìkan tó ìṣòro. Ìwé atúmọ̀ èdè ò kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì péré ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bí i "mú àtùpà" tàbí "ṣí ilẹ̀kùn", kò pẹ́ tí ó fi mọ́ wa lára.

Ẹ gbọ́ bí eré náà ṣe lọ. Ilé kékeré kan wà nínú igbó, odò kékeré ń ṣàn láti inú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́, oúnjẹ, ìgò omi àti àtùpà oníbátìrì wà nínú ilé náà. Bí ẹ bá tẹ̀lé odò lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ óò kan ilẹ̀kùn onírin lórí ilẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣí i. Abẹ́ rẹ̀ ni ihò ńlá náà wà. Ìṣúra 15 ni ẹ ní láti rí nínú rẹ̀, kí ẹ sì kó wọn padà sí ilé kékeré yẹn. Máàkì 350 lẹni tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ láṣeyọrí máa gbà.

Ohun tó kọ́kọ́ dá wa dúró ni ẹyẹ kékeré kan. Àgò wà lọ́wọ́ wa láti fi mú un. A sún mọ́ ọn, ó sá. A tún sún mọ́ ọn, ó tún sá. Ó pẹ́ kí a tó ronú sí ohun mìíràn tó wà lọ́wọ́ wa: ọ̀pá dúdú kan tí a ṣa lójú ọ̀nà. Ọ̀pá yẹn ló ń bà á lẹ́rù. Bí a ṣe gbé ọ̀pá sílẹ̀ báyìí, ẹyẹ dúró, a mú un. Nígbà tí a dé iwájú, ejò ńlá kan dí ọ̀nà. Kò sí bí a ṣe fẹ́ bá a jà tó gbọ́. Ẹyẹ kékeré tí a tú sílẹ̀ ló lé e lọ. Ọ̀pá tí a gbé sílẹ̀ náà sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: ẹni tó bá padà lọ mú un, tó fì í létí ọ̀gbun kan báyìí, afárá á yọ síwájú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a bọ́ sínú àwọn ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ni géèmù fi ń ṣàpèjúwe gbogbo yàrá ibẹ̀. Ẹ lọ sí àríwá, ẹ padà sí gúúsù, ẹ ò ní bá ara yín níbi tí ẹ ti wá. A rìn títí, orí wa dàrú. Níkẹyìn, a ṣe bí ọdẹ ṣe máa ń ṣẹ́ ewé sílẹ̀ lójú ọ̀nà igbó. A fi oúnjẹ sílẹ̀ ní yàrá kan, ìgò ní èkejì, kọ́kọ́rọ́ ní ẹ̀kẹta. A mú ìwé àti bírò, a ń ya ọ̀nà bí a ṣe ń rìn ín. Ìwé yẹn kún fún ìlà àti ọfà bí iṣẹ́ aláǹtakùn, ṣùgbọ́n òun ló mú wa jáde. Ẹni tó bá ní òun á fi orí nìkan rántí gbogbo rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sùn.

Gbogbo àkókò yìí, iná ń jó lọ. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ bátìrì. Ẹ̀rọ kan wà nínú ihò náà tó ń ta bátìrì tuntun, ṣùgbọ́n owó ẹyọ ló ń gbà, owó ẹyọ kan ṣoṣo tó sì wà nínú ihò náà jẹ́ ọ̀kan lára ìṣúra 15. Ẹ̀yin oníṣòwò á mọ irú ìṣirò yìí. Ṣé kí n ná owó orí láti fi ra ohun tí màá fi ṣiṣẹ́, àbí kí n di owó mú kí ọjà kú mọ́ mi lọ́wọ́?

Ta ló wá ronú irú ihò báyìí? William Crowther ni, ọmọ Amẹ́ríkà. Ó wà lára àwọn tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ARPANET, ìsokọ́ra àwọn kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1969, tí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń lò lórí fóònù lónìí sì ti ara rẹ̀ dìde. Ní ọjọ́ ìsinmi, òun àti ìyàwó rẹ̀, Patricia, máa ń wọ inú ihò ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kentucky láti wọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀. Will á wá fi kọ̀ǹpútà ya máàpù ohun tí wọ́n wọ̀n. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1972, ẹgbẹ́ kan tí Patricia wà nínú rẹ̀ rí ọ̀nà tó so ihò Flint Ridge pọ̀ mọ́ Mammoth Cave. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ihò tó gùn jù lọ tí a mọ̀ láyé. Ohun tí wọ́n ti wọ̀n nínú rẹ̀ títí di òní ti lé ní 640 kìlómítà.

Lẹ́yìn náà, ìgbéyàwó wọn tú ká. Àwọn ọmọbìnrin wọn méjèèjì kò sí lọ́dọ̀ bàbá wọn mọ́. Crowther fúnra rẹ̀ ti sọ pé àárò àwọn ọmọ òun sọ òun, ìyẹn ló sì mú kí òun kọ eré kan tí wọ́n lè jọ ṣe nígbà tí wọ́n bá wá kí òun. Ní nǹkan bí ọdún 1975 sí 1976, ó mú ihò tó mọ̀ bí ẹní mọ àtẹ́lẹwọ́, ó fi ọ̀rọ̀ kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó sì fi ìṣúra àti àwọn aràrá sí i. Ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó gbọ́ èdè ènìyàn lásán, kí ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà má bàa bẹ̀rù rẹ̀. Ó ya ihò náà dáadáa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnì kan tó ti ṣe eré yìí tẹ́lẹ̀ fi mọ ọ̀nà nínú ihò gidi ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní yunifásítì Stanford, Don Woods, rí ẹ̀dà eré náà. Ó fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kò sì mọ ibi tó wà. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí orúkọ Crowther lórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà lórí ìsokọ́ra náà. Crowther dá a lóhùn. Woods ló wá fẹ ihò náà lójú, tó fi àwọn ìṣòro tó le sí i, tó sì gbé ẹ̀dà ọdún 1977 jáde.

Ẹnì kan tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ fò dá. Kí Crowther àti Patricia tó dé Kentucky, ní ọdún 1838, wọ́n mú ọ̀dọ́ ẹrú kan, ọmọ aláwọ̀ dúdú, wá sí Mammoth Cave láti máa mú àlejò yí ibẹ̀ ká. Stephen Bishop lorúkọ rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọdá ọ̀gbun kan tí gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní ọdún 1842, ó ya máàpù ihò náà láti inú orí rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1845. Ọdún 1856 ló tó gba òmìnira, ó sì kú ní 1857. Àwọn olówó tó wá wo ihò náà, ẹ̀yìn ẹrú yìí ni wọ́n ń tọ̀. Lókùnkùn abẹ́ ilẹ̀, òun ni ọ̀gá wọn.

Ní ọdún 2017, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Crowther àti Woods, wọ́n gbé ẹ̀dà tí Woods tún ṣe ní 1995 jáde pé kí ẹnikẹ́ni wo bí wọ́n ṣe kọ inú rẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti rí àṣírí ohun tó pa wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sọ ní ìbẹ̀rẹ̀ pé òun kò fẹ́ àlàyé, ìgbésẹ̀ 330 ni iná àtùpà rẹ̀ máa fi jó. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣàlàyé fún òun, 1,000. Géèmù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń yọ máàkì díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó béèrè, ó sì ń fún un ní iná tó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Abèèrè kì í ṣìnà, àwọn bàbá wa ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. A mọ òwe náà láti kékeré, a sì tún tẹ rárá.

A bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, a sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Títí di ìgbà tí a kọ ìròyìn yìí, ìṣúra mọ́kànlá la ti kó dé ilé kékeré yẹn. Mẹ́rin ló kù, a ò sì tíì mọ bí a ṣe fẹ́ ṣe é.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀fẹ́ ni eré yìí. Ó wà fún kọ̀ǹpútà àti fóònù, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí rẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní ìwé àti bírò, kí ẹ sì jókòó tì í. Nítorí ọmọ tó jìnnà sí bàbá rẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọ máa dá ṣe.